Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Iṣan Lórúkọ

Ní ọdún tó kọjá, mo gba máàkì 18 nínú 20 nínú ìdánwò kékeré tí olùkọ́ bàọ́lọ́jì ṣe fún wa lórí àwọn iṣan ara ènìyàn. Mo kọ biceps, triceps, deltoid àti gastrocnemius láìṣi lẹ́tà kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tẹ̀lé ìyá àgbà mi lọ sí ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, mo sì ṣì wọ́n lọ́nà. Ibẹ̀ ni àríwísí tí mo fẹ́ ṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń dùn wọ́n, láàrin orúnkún àti gìgísẹ̀. Wọ́n ní, “Àdùkẹ́, sọ fún wọn pé iṣan ẹsẹ̀ mi ló ń fà mí.” Dókítà tí a bá níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí a fi ń pe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Dókítà ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò iṣan ẹ̀jẹ̀. Owó tí ìyá mi fẹ́ fi ra ọjà sí ìsọ̀ wọn ni a san. Nígbà tí èsì jáde, kò sí ohun tó ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá ló wá sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan dúró. Wọ́n ké. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá wọ́n yọ̀ ṣubú láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́bàá kànga, ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Gastrocnemius ni ó fà, èyí tí mo kọ láìṣi lẹ́tà kan.

N kò sọ pé àyẹ̀wò náà burú o. Ìrora ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lè ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wá lóòótọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ mi ló darí dókítà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tọ́.

Èdè Látìn ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo rò pé àwọn òyìnbó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ líle bo ara wa mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ìtumọ̀ àwọn orúkọ náà, ojú tì mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe iṣan gan-an wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí eku kékeré, nítorí pé bí iṣan bá ń sún lábẹ́ awọ, ó jọ eku tó ń sá lábẹ́ aṣọ. Biceps túmọ̀ sí olórí méjì, nítorí pé ọ̀nà méjì ni iṣan náà gbà so mọ́ egungun èjìká. Deltoid jọ lẹ́tà kan tó ní igun mẹ́ta nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì. Masseter ni ẹni tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Sartorius, iṣan tó gùn jù lọ nínú ara, ni ti télọ̀, nítorí pé ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí á lè káwọ́ ẹsẹ̀ lé ara wọn bí àwọn télọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń jókòó ránṣọ.

Ẹ ò rí i pé kò sí àwo kankan níbẹ̀! Àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ wo ìrísí, iye orí, ibùgbé àti iṣẹ́ iṣan kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ṣe ohun mìíràn tó yẹ kí a yìn wọ́n fún: wọ́n fẹnu kò. Ní ọdún 1895, àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara fọwọ́ sí àkójọ orúkọ kan ṣoṣo ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland. Ní ọdún 1998, wọ́n tẹ àkójọ tuntun jáde, Terminologia Anatomica. Nípa bẹ́ẹ̀, dókítà ní Ìbàdàn àti dókítà ní Brazil lè pe iṣan kan náà ní orúkọ kan náà.

Níbo wá ni àléébù wà? Èkíní wà nínú bí a ṣe ń kọ́ ọ. Orúkọ ni wọ́n fún wa há sórí, wọn kò fún wa ní ìtumọ̀. Èkejì wà nínú ilé tiwa. A ti di ẹrù tó pọ̀ jù ru ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó ń fa egungun, iṣan ni. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Okùn tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan náà ni. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é ní iṣan.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò lọ́rọ̀. Èdè tó ní pajápajá, làkúrègbé àti ojúgun kì í ṣe òtòṣì. Ìfẹnukò ni ó kù. Àwọn àgbà wa ti ṣe irú rẹ̀ rí: ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní ọdún 1984 àti 1990, ó sì fún wa ní orúkọ tí a fi ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Mo lè sọ ohun tí fóníìmù jẹ́ ní Yorùbá. N kò lè sọ ohun tó ń ṣe ìyá àgbà mi.

Mo gbìyànjú láti ṣe àkójọ tèmi. Mo túmọ̀ àwọn orúkọ Látìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì kà wọ́n fún ìyá àgbà. Nígbà tí mo dé orí “olórí méjì”, wọ́n na apá wọn sẹ́yìn. “Kí ló lórí méjì lára mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Nígbà tí mo dárúkọ iṣan télọ̀, wọ́n ní télọ̀ àdúgbò wa kì í káwọ́ ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé gastrocnemius túmọ̀ sí ikùn ẹsẹ̀ lédè àwọn Gíríìkì, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, “Ìyẹn dára. Ó yọ bí ikùn lóòótọ́.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe tèmi. Àwòrán àwọn ẹlòmíràn ni mo fẹ́ jí gbé, dípò kí n kọ́ ọgbọ́n tí wọ́n fi yà á. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣan sílẹ̀ fún ohun tó ń fa egungun, kí a pe ti ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, kí a sì fi ibùgbé àti iṣẹ́ ya àwọn iṣan sọ́tọ̀: iṣan ìjẹun, iṣan ìkápá, iṣan ikùn ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò fi bi wá, kí ni a fẹ́ fi èyí ṣe? Òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ di dókítà gbọ́dọ̀ mọ orúkọ Látìn, èmi náà sì ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí àìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹnu aláìsàn ni ó ti kọ́kọ́ gba orúkọ.

Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ti san. Bí wọ́n bá tún ní iṣan ń dun àwọn, n kì í yára túmọ̀ mọ́. Mo máa ń béèrè pé, “Èwo nínú wọn ni, Mà?” Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì fi ìka tọ́ ọ.