Ìtàn Ìwáṣẹ̀ àti Àwọn Tí A Bá Lórí Ilẹ̀: Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Lẹ́kkí Phase 1

Ìfáárà

Ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a bá ń kọ́ni ní ìtàn ìwáṣẹ̀ ni pé: ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ṣe kókó jù. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni iṣẹ́ tí ìtàn náà ń ṣe fún àwùjọ tí ó ń sọ ọ́, àti ẹni tí iṣẹ́ náà ń ṣe láǹfààní. Èrò wa nínú pépà yìí ni pé ìtàn ìwáṣẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ẹ̀rí fún aṣẹ́gun nìkan. Ó tún jẹ́ ibi tí a ń fi orúkọ àti ohùn àwọn tí a ṣẹ́gun pamọ́ sí. Ìtàn ìdásílẹ̀ ayé àti ìtàn Mọ́remí ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó fi wọ́n wọn ìtàn tí a ń sọ lóde òní nípa Lẹ́kkí Phase 1 ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ojú tí Àwọn Onímọ̀ fi Wo Ìtàn Ìwáṣẹ̀

Bascom (1965) pín ìtàn àtẹnudẹ́nu sí ọ̀nà mẹ́ta: ìtàn ìwáṣẹ̀, tí àwọn tí ó ni ín gbà pé òtítọ́ ọlọ́wọ̀ ni, ìtàn akọni, tí wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀ nínú ayé tí ó jọ tiwa, àti àlọ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí àròsọ. Ìtàn Mọ́remí wà ní ẹnu ààlà méjì àkọ́kọ́, nítorí pé ènìyàn ni Mọ́remí, síbẹ̀ ọdún ìbílẹ̀ kan rọ̀ mọ́ ìtàn rẹ̀.

Ní ti Malinowski (1926), ìtàn ìwáṣẹ̀ dà bí ìwé àṣẹ. Òun ni ó ń fi ìdí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, sí oyè àti sí ètùtù múlẹ̀. Tíọ́rì yìí bá ilẹ̀ Yorùbá mu dé àyè kan, nítorí pé Odùduwà ni àwọn ọba aládé máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun adé wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé láti ààfin nìkan ni ó ti ń wo ìtàn.

Ẹni tí Ó Sùn àti Ẹni tí Ó Jí

Nínú ìtàn tí Ìdòwú (1962) gbé yẹ̀ wò, omi ni ó bo gbogbo ayé. Olódùmarè gbé iyanrìn àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún fún Ọbàtálá kí ó lọ dá ilẹ̀. Ẹ̀dà kan tí ó gbajúmọ̀ sọ pé Ọbàtálá mu ẹmu lọ́nà, ó sì sùn lọ. Odùduwà gbé ẹrù iṣẹ́ náà, ó da iyanrìn sórí omi, adìẹ sì tàn án ká títí ilẹ̀ fi fẹ̀.

Bí ìwé àṣẹ lásán bá ni ìtàn yìí, ibi tí Odùduwà ti gba ilẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ìtàn kò pa Ọbàtálá lẹ́nu mọ́. Òun ni a fi iṣẹ́ mímọ ènìyàn sí ní ìkáwọ́. Àwọn olùsìn rẹ̀ sì ń yẹra fún ẹmu títí dòní. Nínú ọdún Ọbàtálá ní Ẹdẹ, tí Ulli Beier kọ nípa rẹ̀, Olúnwi a bá Ajagẹmọ jà, a sì mú un ní ìgbèkùn, kí Tìmì tó rà á padà. Ẹni tí ó pàdánù ni ọdún náà ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ìtàn tí ó jẹ́ ti aṣẹ́gun nìkan kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Mọ́remí àti Àtúnwò Ọ̀ṣọ́fisan

Àwọn ará Igbò, tí a kò gbọdọ̀ ṣì mú fún ẹ̀yà Ìgbò ti ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ń wọ ìko wá dẹ́rù ba Ifẹ̀. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó sì mọ àṣírí wọn. Nígbà tí ó sá padà, iná ògùṣọ̀ ni Ifẹ̀ fi ṣẹ́gun. Ọmọ rẹ̀, Olúorogbo, ni ó fi san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ fún odò Ẹsìnmìnrìn. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àwọn ará Igbò ni wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà kí Odùduwà tó dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọdún Ẹdì tí a ń ṣe ní Ifẹ̀ ń rántí ìṣẹ́gun àti àwọn tí a ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan náà.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbé ìtàn yìí lé orí òṣùwọ̀n nínú eré rẹ̀ Morountodun (1982), èyí tí ó so mọ́ ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969. Tìtúbí, ọmọ olówó, fẹ́ di Mọ́remí ìjọba. Ó wọ àárín àwọn àgbẹ̀ láti mú olórí wọn, ṣùgbọ́n ìyà tí ó rí níbẹ̀ yí i lọ́kàn padà. Ìbéèrè tí eré náà gbé dìde ni pé: ire ta ni Mọ́remí ń jà fún?

Ìbéèrè náà tọ́. Ohun tí a kò fara mọ́ ni bí eré náà ṣe ń mú kí ó dà bí ẹni pé àfi bí Tìtúbí bá kọ Mọ́remí sílẹ̀ ni ó tó lè rí àwọn àgbẹ̀. Mọ́remí náà gbé ilé ọ̀tá, ó sì jẹ oúnjẹ wọn. Láìsí ilé, ọba àti àṣírí àwọn ará Igbò, ìtàn náà kò lè rìn. Ọ̀nà tí Mọ́remí gbà gan-an ni Ọ̀ṣọ́fisan rán Tìtúbí gbà. Èyí fi hàn pé ìtàn ìwáṣẹ̀ náà gbòòrò ju bí òǹkọ̀wé náà ṣe fi lọ̀ wá lọ.

Lẹ́kkí Phase 1: Ìtàn tí Kò Ní Ẹni tí Ó Pàdánù

Lẹ́kkí Phase 1 náà ní ìtàn ìdásílẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ni púpọ̀ nínú agbègbè náà. Iyanrìn ni a dà sí i kí ó tó ṣeé kọ́lé sí. Ibùdókọ̀ kan nítòsí rẹ̀, lójú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ń jẹ́ Sandfill. Iyanrìn lórí omi, gẹ́gẹ́ bí ti Ifẹ̀! Nínú ìpolówó àti ọ̀rọ̀ ẹnu, ilẹ̀ tuntun ni a ń pè é, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n Márókò wà níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Rájí Ràsákì wó o palẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje. Iye ènìyàn tí a sábà ń sọ pé ó di aláìnílé tó 300,000. Àlàyé ìjọba ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi lè bò ó, a sì gbọ́dọ̀ da iyanrìn sí i. A kó díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn náà lọ sí Ìlàsàn àti Ìkòta. Ibi tí Márókò wà ti di ara Ọnírù àti Lẹ́kkí Phase 1, omi òjò sì ń ya wọ ojú pópó àdúgbò náà títí dòní.

Chris Abani gbé Márókò sínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ GraceLand (2004), níbi tí bàbá Elvis ti kú nígbà tí a ń wó àdúgbò náà. Ìwé kan a máa la ojú òǹkàwé. Ṣùgbọ́n kò rí bí ọdún tí gbogbo ìlú ń ṣe. Ọbàtálá ní ọdún, àwọn ará Igbò wà nínú Ẹdì. Ìtàn ilẹ̀ tuntun kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún Márókò.

Ẹnìkan lè sọ pé Ẹdì kò dá ilẹ̀ padà fún ará Igbò kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mú kí ó ṣòro fún ọmọ Ifẹ̀ láti sọ pé ilẹ̀ òfìfo ni àwọn baba òun bá. Ìrántí kì í ṣe ìdájọ́, àmọ́ òun ni kì í jẹ́ kí ẹjọ́ kú.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn ìwáṣẹ̀ ń ṣàlàyé ayé, ó ń fi ìdí àṣẹ múlẹ̀, ó sì ń pa ìrántí àwọn tí àṣẹ náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ kẹta yìí ni a kì í sábà kọ́ni. Kí olùkọ́ má ṣe dúró lórí pé òótọ́ ni tàbí irọ́. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ìtàn ìdásílẹ̀ àdúgbò tirẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé: ta ni ó ń sọ ọ́, kí ni ó ń fún un ní ẹ̀tọ́ sí, ta sì ni a bá níbẹ̀? Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìlú tí ó ń kọ́ ilé sórí iyanrìn nílò àgbà tí yóò wo ẹ̀yìn.