Ojú Ló Rí Ọya, Ẹnu Ló Lé E Lọ

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ wá kí mi nílé ní Anthony ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkòròdú Road ti gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó dáadáa tó fi na fóònù sí mi. Àwòrán Ọ̀ṣun ni, tí wọ́n fi ń polówó ayẹyẹ kan. Obìnrin kan dúró lórí omi níhòòhò, irun rẹ̀ gùn kọjá ìbàdí, ó fi ọwọ́ kan bo àyà. "Prof, ẹ wò ó, sà. Ṣé Venus tiwa kọ́ nìyí?"

Mo ní Venus ni lóòótọ́, Venus ti Botticelli tó wà ní Florence, ìkarahun tó dúró lé nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà: "Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ fún wa ní kíláàsì, sà, pé Yorùbá ò ní ewì ìfẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ tèmi náà."

Mo sọ ọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà ni irú ewì tí ọkùnrin kan máa jókòó tí á máa fi ọ̀rọ̀ ya ojú, ètè àti ọrùn obìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí, tí obìnrin náà kò sì ní fọhùn títí ewì á fi parí. Mo wá a láàárín tiwa, n kò rí i tó bí mo ṣe fẹ́, mo bá ní kò sí. Ibi tí mo ti ń wá a ni kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọdẹ méjì síwájú ara wọn. Nínú Metamorphoses tí Ovid ará Róòmù kọ, Actaeon ṣìnà nínú igbó, ó já sí ibi tí Diana ti ń wẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀. Ó rí i níhòòhò. Kò fọwọ́ kàn án, kò sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ̀. Diana bu omi lù ú, ó di àgbọ̀nrín, àwọn ajá tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ sì fà á ya. Láàárín 1556 sí 1559 ni Titian ya ìran yìí. Ilé àwòrán ìjọba ní London àti ti Scotland ló jọ ni ín báyìí. Mo fẹ́ràn àwòrán náà, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe: ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pa Actaeon gan-an ni Titian tẹ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa wò. Àwa náà ti di Actaeon, ajá nìkan la ò ní.

Ọdẹ kejì ni tiwa. Àwọn kan ní Ògún ni, àwọn mìíràn kò dárúkọ rẹ̀. Ó lúgọ sórí igi, ó rí ẹfọ̀n kan tó bọ́ awọ, tó di arẹwà obìnrin, tó ki awọ náà bọ inú òkìtì ọ̀gán, tó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọya ni. Ojú ọdẹ yìí kò fọ́, ajá kan kò sì bù ú jẹ. Ó gbé awọ náà, ó lọ fi pamọ́ sórí àjà ilé rẹ̀. Nígbà tí Ọya ti ọjà dé tí kò rí awọ mọ́, ọdẹ ní kó fẹ́ òun. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ka èèwọ̀ kan fún un: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ẹranko ni òun. Wọ́n gbé pọ̀, wọ́n bímọ. Àwọn ìyáálé ló fi ọtí fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu ọkọ wọn, lọ́jọ́ tí ìjà sì dé, wọ́n fi kọrin bú u. Ó gun àjà, ó gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó fi ìwo kàn wọ́n, ó wọgbó lọ. Ó fi ìwo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi pe òun. Ìwo ẹfọ̀n ṣì wà ní ojúbọ Ọya títí dòní.

Ẹ má jẹ́ ká fi oyin pa ìtàn yìí lára o. Olè ni ọdẹ yẹn. Obìnrin tí wọ́n jí aṣọ ẹ̀, tí wọ́n wá ní kó fẹ́ àwọn, kí ni kó ṣe? Ọmọbìnrin kan bi mí bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì rí, mo fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí ìyà já sí. Ní erékùṣù Scotland, wọ́n ní ìtàn obìnrin tó ń ti inú òkun jáde pẹ̀lú awọ seal, ọkùnrin kan jí awọ náà, ó sì fi í ṣaya. Ìtàn náà jọ tiwa bí ìbejì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ọjọ́ tí awọ bá ti hàn lójú obìnrin yẹn ló parí, ọmọ rẹ̀ ló sì sábà máa ń bá a rí i. Lọ́dọ̀ tiwa, awọ wà lórí àjà ilé kan náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Ọya ń bímọ. Ìgbà tí ẹnu là ló tó lọ. (Ẹni tó bá mọ Ovid dáadáa lè ní Diana náà bẹ̀rù ẹnu, torí ó fi Actaeon ṣẹ̀sín pé kó lọ ròyìn bó bá lè fọhùn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ojú ti jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ ẹnu tó wọ̀ ọ́.) Ọbà náà ńkọ́? Ẹnu orogún ló gbọ́ tó fi gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ Ṣàngó.

Ẹnu ni kí n ti wá a, mo sì ń fi ojú wá a kiri. Rowland Abíọ́dún ti sọ ọ́ délẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2014 pé ẹni tí kò bá mọ oríkì kò lè rí iṣẹ́ ọnà Yorùbá dénú. Òpó tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, tó ti wà ní Chicago báyìí, ẹ lọ wò ó. Ọba jókòó, ayaba dúró lẹ́yìn ìtẹ́, ó ga ju ọba lọ fíìfíì. Ọmú rẹ̀ wà níta gbangba, kò sì sí ẹni tí wọ́n gbé e síbẹ̀ fún pé kó wá máa wò ó bí a ti ń wo Venus.

Kí ni ẹnu wa wá ń sọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì àbísọ. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ ká tó rí i kẹ́. Àṣàkẹ́, a ṣà á láàárín ọ̀pọ̀. Àdùkẹ́, gbogbo wọn ló ń dù ú. Àjàní, ìjà la jà ká tó ní in. Bẹ̀, ṣà, dù, jà: ṣé ohun tí ọkàn ń ṣe nígbà tí nǹkan bá wù ú kọ́ nìyẹn? Àgbà ilé ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń pè é jù nígbà tí ọmọ bá dàgbà tó wọlé ọkọ? Ẹ tún gbọ́ àwọn ìyàwó ilé tí kò gbọdọ̀ dárúkọ àwọn ọmọ ọkọ wọn: Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Òpéléńgé, Ìbàdíàrán. Ìbàdíàrán! Ní gbangba, láàárọ̀, níwájú ìyá ọkọ. Nínú fẹ́ kan ṣoṣo náà la ti ń rí wíwù, ìfẹ́ àti ìgbéyàwó. Ìgbà tó bá kọjá ààlà la tó ń sọ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyí tí àwòrán inú fóònù yẹn fi bí mi nínú, kì í ṣe ìhòòhò rẹ̀. Nínú ìtàn Ọ̀ṣẹ́ Ìtúrá, òrìṣà mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin gbogbo, pa Ọ̀ṣun tì, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì dàrú títí wọ́n fi lọ bẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n wá gbà, àṣẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Venus ti Botticelli kò ní ohunkóhun tó fẹ́ sọ. Bí wọ́n bá ya Ọ̀ṣun tó dákẹ́, tó kàn dúró kí a wo òun, ta ni wọ́n yà?

Ìyá àwọn ọmọ mi, tó ti lọ sinmi, kò pe orúkọ mi rí títí ó fi kú. Àjàní ló ń pè mí, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, á fi oríkì ìdílé wa lé e, á kà á dé orí bàbá bàbá mi, kí n tó bọ́ bàtà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ti kíláàsì dé, níbi tí mo ti sọ fún èèyàn ọgọ́ta pé kò sí.

Ẹ̀yin tí ìwé kíláàsì yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà la gbólóhùn náà kọjá.