Ìyàtọ̀ Sẹ̀ǹtímítà Méjì

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Tottenham gba Brentford lálejò ní London, wọ́n sì fi góòlù mẹ́ta sí méjì nà wọ́n. Síbẹ̀, eré tí Micky van de Ven, agbábọ́ọ̀lù Tottenham, sá ni ọ̀pọ̀ ń sọ lẹ́yìn ìdíje náà. Wọ́n ní ó dé kìlómítà 37.38 ní wákàtí kan, ó sì gba ipò ẹni tó yára jù lọ ní líìgì England lọ́wọ́ Kyle Walker tó sá 37.31 ní sáà tó ṣáájú.

Ṣé ó gba ipò náà lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì jẹ́ kìlómítà 0.07 ní wákàtí kan. Bí a bá pín in dórí ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ni, kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ.

Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wọn eré kì í rí ìyára fúnra rẹ̀. Ibi tí agbábọ́ọ̀lù wà ló ń rí; kọ̀ǹpútà ló ń fi ibi tó wà báyìí wé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, tí yóò sì fi àkókò pín in. Ní Ife Àgbáyé Qatar 2022, kámẹ́rà 12 ló wà lábẹ́ òrùlé pápá, tí wọ́n ń ṣọ́ ojú ibi 29 lára agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (nítorí ọfúsáìdì ni wọ́n ṣe é). Ẹ̀rọ sàtẹ́láìtì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ sáàárín èjìká, èyí tí òfin ti gbà láyè láti 2015, sábà máa ń wò nígbà 10 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìwò kan sí èkejì, ẹni tó ń sá bíi Van de Ven ti kọjá mítà kan. Bí ẹ̀rọ bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré ṣi ibi tó wà, ìyára tó bá kà lè fi bíi kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ní wákàtí kan yẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń da ìwò mélòó kan pọ̀ kí nọ́ńbà tó jáde. Bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń dà á pọ̀ lè yàtọ̀ sí ti èkejì, kò sì yẹ ká gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ kan ka orí ti ẹ̀rọ mìíràn. Kìlómítà 37 tí àwọn oníròyìn kà sí Arjen Robben lọ́rùn ní Ife Àgbáyé 2014, nígbà tí Netherlands na Spain ní Salvador, kò ṣeé fi wé ti Van de Ven rárá.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé nọ́ńbà yìí kì í sọ ìdí tí èèyàn fi sáré. Ẹ̀yìn ni Van de Ven ń gbá. Ange Postecoglou, olùkọ́ wọn nígbà náà, máa ń ní kí àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ sún síwájú gan-an, àyè gbalasa sì ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àyè yẹn ló ń fún un ní eré sá. Ẹni tó tètè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, tó ti dúró síbẹ̀, kò ní sáré kankan tí ẹ̀rọ yóò kà.

Ẹ̀rọ náà wúlò o. Bí olùkọ́ bá fi eré agbábọ́ọ̀lù kan lónìí wé tirẹ̀ lóṣù tó kọjá, lórí ẹ̀rọ kan náà, ó lè fura pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kí iṣan itan rẹ̀ tó já.

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń ka ìyára fún wa, ẹ bá wa fi orúkọ ẹ̀rọ tó wọ̀n ọ́n kún un.