Kòtò Pallett Creek: Ohun tí Ìpíndọ́gba Ọdún Kò Lè Sọ

Àpilẹ̀kọ méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú wọn. Kerry Sieh ló dá kọ ti àkọ́kọ́ ní 1978. Òun, Minze Stuiver àti David Brillinger ni wọ́n jọ kọ èkejì ní 1989. Orí Pallett Creek ni méjèèjì dá lé, ibi àbàtà àtijọ́ kan ní Kalifóníà tí San Andreas gbà kọjá. San Andreas jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé Faransé pé ó ń jẹ́ faille: ojú ibi tí ilẹ̀ ti là, tí apá kan ń sún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Sieh gbẹ́ kòtò síbẹ̀, ó sì yẹ àwọn ìpele ilẹ̀ tó hàn lára ògiri rẹ̀ wò: ewéko jíjẹrà tó ti di ilẹ̀ dúdú, iyanrìn, ẹrẹ̀, lórí ara wọn. Ọgbọ́n tó lò kò ṣòro. Bí ojú lílà kan bá gé àwọn ìpele ìsàlẹ̀, tí ìpele òkè sì tẹ́ lé wọn láìgé, a jẹ́ pé ilẹ̀ mì lẹ́yìn ti ìsàlẹ̀, kí ti òkè tó dé. Kábọ́ọ̀nù 14 inú ewéko náà ló ń sọ ọjọ́ orí wọn. Ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ àyálò to àwọn ìyípadà ìró tẹ̀lé ara wọn yóò dá ọgbọ́n yìí mọ̀: ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìyípadà kan kàn, tí kò sì kàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló wọlé.

Ní 1978, Sieh rí ẹ̀rí ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá mẹ́sàn-án, ó kéré tán, láti ọ̀rúndún kẹfà títí dé ti 1857. Ìpíndọ́gba àlàfo àárín wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 160. Ó sọ pé àwọn àlàfo náà kò dọ́gba, ṣùgbọ́n 160 ló rọrùn láti há sórí. Ní 1989, wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù náà lọ́nà tó péye jù. Ìmìtìtì di 10, ìpíndọ́gba di ọdún 132. Nínú àlàfo 9, márùn-ún kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tó kù jẹ́ nǹkan bí igba sí ọ̀ọ́dúnrún. Méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta ni ìmìtìtì ń dé, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á dákẹ́ pẹ́.

Ohun tí mo yìn níbẹ̀ ni pé Sieh fúnra rẹ̀ ló padà wá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìdìpọ̀ mẹ́rin péré kéré láti fi dá òfin sílẹ̀, ojú kan ṣoṣo sì ni kòtò náà wà. Bí ohunkóhun kò bá sì tẹ́ sílẹ̀ láàárín ìmìtìtì méjì, ọ̀kan ni wọn yóò jọ.

Kí ló kàn wá? Swadesh sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀, 86 ló ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1962, Bergsland àti Vogt fi àwọn èdè bíi ti Aisílàndì hàn pé ìyára náà kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kọ ọdún tí ẹ̀ka-èdè Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ pínyà sínú orí kẹta iṣẹ́ mi, nítorí pé iye máa ń dára lójú nínú tábìlì. Lẹ́yìn tí mo ka àpilẹ̀kọ ti 1989, mo pa iye náà rẹ́. Àwọn ènìyàn lè ṣí kúrò nílùú lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ogun, kí wọ́n tún wà pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìpíndọ́gba kò lè rí èyí.

Ohun tí mo fi sílẹ̀ nínú orí náà ni ètò: ìyípadà wo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e. Ó kéré sí ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè gbèjà rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.