Ìwọ̀n Sùúrù Tó Tọ́ sí Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ní sùúrù yóò fún wàrà kìnnìún. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, gbogbo wa la sì ń pa á fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí a fẹ́ràn pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí yóò máa ti ẹnu wa jáde. "Ẹ lé e lọ!" "Kò mọ nǹkan kan!" "Ta ló tilẹ̀ gbé iṣẹ́ fún un?" Àwa tí a pa òwe kìnnìún lánàá náà ni o. A kò tíì dé ẹsẹ̀ kìnnìún, a ti fọ́ igbá tí a fẹ́ fi gba wàrà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò kò ju èyí lọ: bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ń pàdánù, ṣé kí a ní sùúrù fún un ni, àbí kí a ní kó máa lọ? Àwọn kan á ní sùúrù ni baba ìwà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn mìíràn á ní owó ni wọ́n ń san fún un, kì í ṣe àánú. N ò gbè sẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Lójú tèmi, àwọn kan ń ka ọjọ́, àwọn kan ń ka ayò, kò sí ẹni tó ń wo iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìn dé Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọmọ wa. Ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, yunifásítì kan wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbóná nínú basketball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú apẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá kan, Hakeem Ọlájùwọ́n, gbà lọ láti Èkó ní 1980. Kò sí ibi tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí ni ti Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀.

Ní 1956 ni iṣẹ́ náà bọ́ sí Lewis lọ́wọ́. Lọ́dún kìíní, ó borí nínú eré 10, ó pàdánù 16. Lọ́dún kejì, ó borí 9, ó tún pàdánù 16. Lọ́dún kẹta, ó borí 12, ó pàdánù 14. Ọdún mẹ́ta gbáko, ẹ̀yin ará! Bó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà, ṣé yóò fojú kan ọdún kejì? Wọn kò lé e. Ọgbọ̀n ọdún ló lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, àti pé lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, kò tún sí ọdún kan tí ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí lọ. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì ní 1986, ó ti borí nínú eré 592, ó sì pàdánù 279.

Ẹ má gbàgbé pé ẹgbẹ́ yunifásítì ní ti tirẹ̀. Ọmọléèwé ni wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun á bá àwọn ọmọ tí ẹlòmíràn kó jọ nílẹ̀; ó di ọdún mélòó kan kí àwọn tí òun fúnra rẹ̀ wá kiri tó gbó. Bí àwọn yẹn bá sì wá gbó tán, wọ́n á gboyè jáde, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá fi ọdún kìíní dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, iṣẹ́ ẹni tó ti lọ ló ń dá lẹ́jọ́.

Kí ni Lewis wá fi àkókò tí wọ́n fún un ṣe? Ní 1964, nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì òyìnbó ní apá gúúsù Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí ènìyàn dúdú nínú ẹgbẹ́ wọn, ó mú Elvin Hayes àti Don Chaney wọlé, ọmọ dúdú ni àwọn méjèèjì. Ní January 1968, àwọn ọmọ náà fi 71 sí 69 na UCLA, ẹgbẹ́ tí apá ẹnikẹ́ni kò ká nígbà náà, níṣojú èrò tó ju 52,000 lọ. Nígbà tí Hakeem dé, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù yìí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló mọ̀ jù. Lọ́dún kìíní, Lewis kò fi í sójú eré rárá. Lọ́dún kejì, díẹ̀díẹ̀ ló ń tì í wọlé. Láti 1982 sí 1984, lọ́dọọdún ni Houston wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Sùúrù tí wọ́n ṣe fún Lewis ni Lewis náà ṣe fún ọmọ wa.

Àmọ́ o, n kò wá síbí láti fi ìyìn bo àlébù. Ní ọjọ́ 4 April 1983, Houston dé àṣekágbá, gbogbo ayé ló gbà pé tiwọn ni ife. Wọ́n wà níwájú, Lewis wá ní kí àwọn ọmọ tí eré sísá jẹ́ agbára wọn máa fà á jẹ́jẹ́. Àwọn alátakò láti North Carolina State mọ̀ pé àwọn ọmọ Houston kò mọ bọ́ọ̀lù ìtanràn jù sápẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ náà sì ń sọ ọ́ nù. 54 sí 52 ni wọ́n fi na Houston, nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn ń tán lọ. Jíju bọ́ọ̀lù ìtanràn, ìdánrawò ló ń kọ́ni. Ẹ̀bi akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, n ò lè bá a bò ó. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ọ̀tọ̀, àìmọṣẹ́ ọ̀tọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún kó wọn dé àṣekágbá.

Ní Kòmu níbí àti káàkiri Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa. Bí iṣu bá wà nínú ebè, kò sí ẹni tí í máa hú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kì í sùn di ọjọ́ tí yóò wa iṣu. Yóò máa wo ewé. Yóò wò ó bóyá ìtàkùn rí igi gùn, bóyá wọ́n ti roko, bóyá ebè ti wó. Bí òjò bá kọ̀, kò ní bá ẹni tó ń roko jà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ tán tí koríko wá bo ebè mọ́lẹ̀, ẹjọ́ ta ni?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí a máa wo akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọmọ ta ló ń kó jáde, tirẹ̀ ni àbí ti ẹni àná? Ṣé àṣìṣe oṣù tó kọjá náà ni wọ́n ṣì ń ṣe lóṣù yìí? Ṣé àwọn ọmọ ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Bí ìdáhùn bá dára, kí a fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, ì báà pàdánù. Bí kò bá dára, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa lọ, ì báà tilẹ̀ borí lánàá. Ẹni tó bá sì ń na owó àwọn ọmọ, tàbí tó ń fi ìyà jẹ wọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ sùúrù níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, sórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Clemens Westerhof, ará Hóláǹdì, gba ẹgbẹ́ Nàìjíríà ní 1989. Ní March 1990, Àlgéríà fi 5 sí 1 nà wá nínú eré àkọ́kọ́ ìdíje ife Áfíríkà. Ìtìjú gbáà ni. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje kan náà, àwọn ọmọ yẹn gbéra nílẹ̀, wọ́n dé àṣekágbá. Ewé ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó ṣe ipò kẹta ní 1992, ó gba ife ní 1994, ó sì kó wa lọ sí ife àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí la wá ṣe fún Shaibu Amodu, ọmọ tiwa? Ó mú wa yege fún ife àgbáyé 2002, ó ṣe ipò kẹta ní Áfíríkà, wọ́n yọ ọ́. Adégbóyè Onígbìnde, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ẹni tó gbé wa dé àṣekágbá Áfíríkà ní 1984, ni wọ́n sáré pè, nígbà tí oṣù díẹ̀ péré kù. Àmì-ayò kan ṣoṣo la mú bọ̀. Wọ́n tún pe Amodu padà, ó tún mú wa yege fún ti 2010, ó tún ṣe ipò kẹta ní Áfíríkà, wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck, ará Sweden, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Àmì-ayò kan ṣoṣo náà la tún mú bọ̀! Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àwa fi í síbẹ̀, a tún ń béèrè pé kí ló dé tí ijó ò fi dùn. N ò sọ pé Amodu kò ní àlébù. Ohun tí mo ń sọ ni pé sùúrù tí a kò ní fún ẹni tó ṣe ipò kẹta, báwo la ṣe fẹ́ ní in fún ẹni tó ń pàdánù?

Ẹnìkan lè ní ayé ti yí padà. Òótọ́ ni. Láti 2021, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà lè máa gba owó lórí orúkọ wọn, wọ́n sì lè kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn láìjókòó ọdún kan kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Èyí mú kí sùúrù ṣòro. Ṣùgbọ́n kò mú kí iṣu tètè ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Amẹ́ríkà tàbí Àbújá. Olùkọ́ kan ń bẹ ní ilé-ìwé tó wà ládùúgbò yín, tó ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn tí agogo bá ti lù, tí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lè lọ nà wọ́n ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí. Kí ẹ tó ní kí ọ̀gá iléèwé pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wo ohun tó ń kọ́ wọn.