Ọ̀rọ̀ Òfin Kan àti Ìtumọ̀ Mẹ́ta

Ẹni tí ń túmọ̀ ìwé òfin sí èdè Yorùbá a máa fẹ́ wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Ewu ń bẹ nínú àṣà yìí, principal sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ọ̀gá ni ó máa ń tètè wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ni òfin ń wí.

Nínú ọ̀ràn aṣojú, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni principal. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwa kì í ṣe ọ̀gá agbẹjọ́rò wa. Síbẹ̀, ohun tí ó bá fọwọ́ sí ní orúkọ wa, lábẹ́ àṣẹ tí a fún un, àwa ni yóò dè. Bákan náà, alágbàtà kò tó láti dúró fún aṣojú. Alágbàtà a máa fi èrè tirẹ̀ lé ọjà ọlọ́jà, àṣà ọjà sì gbà á láyè. Ṣùgbọ́n bí aṣojú bá jẹ èrè ní ìkọ̀kọ̀, òfin yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó rán an.

Nínú ọ̀ràn gbèsè, ajigbèsè fúnra rẹ̀ ni principal, onígbọ̀wọ́ sì yàtọ̀ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ti owó, ojú owó ni, kì í ṣe èlé. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921: iṣẹ́ ìwọ̀fà ni ó dúró fún èlé, ojú owó kò sì dín.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn ọ̀mọ̀wé lásán. Òfin tí ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí ẹni tí ó kọ ìwé fún un kà á, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó tó tẹ̀ka. Ìwé ìgbọ̀wọ́ púpọ̀ sì ni ó sọ pé onígbọ̀wọ́ yóò san gbèsè bí principal. Bí ògbufọ̀ bá wí pé “bí ọ̀gá,” bàbá àgbẹ̀ lè rò pé a ń bu ọlá fún òun ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé “bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ yá owó náà,” bàbá yóò mọ ohun tí òun ń tẹ̀ka sí, tàbí kí ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìtumọ̀ tí kò fún un ní àyè yẹn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.