Ta Ló Yẹ Kó Dárí Ji Ta?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dúró níwájú àwọn aṣòfin ní Àbújá, ó sì kéde pé ìjọba ti dárí ji Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ tí wọ́n yẹgi fún pẹ̀lú rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, ọdún 1995. Ó fún Saro-Wiwa ní oyè CON, ó fún àwọn yòókù ní OON. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà gbà pé ó sàn ju kí wọ́n dákẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìkéde yẹn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìdáríjì.

Ní èdè wa, ẹni tó ṣẹ̀ là ń dárí jì. Ẹni tí kò ṣẹ̀, à ń dá a láre ni. Bí wọ́n bá na ọmọ kan nítorí owó tó sọnù, tí wọ́n wá rí owó náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàbá tó bá sọ fún un pé "Mo ti dárí jì ọ́" ti nà án lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ẹjọ́ àkànṣe tí ìjọba ológun Sani Abacha gbé kalẹ̀ ló dá ẹjọ́ ikú fún àwọn mẹ́sàn-án yìí. Kò sí àyè ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi yẹgi fún wọn. Lóòótọ́, wọ́n pa ìjòyè Ògóni mẹ́rin ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, ìdílé tiwọn náà sì ń ṣọ̀fọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ilé ẹjọ́ gidi tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, torí ìdáríjì kò sọ ẹni tó pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi wé tiwa. Ní 2018, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fún olóògbé M.K.O. Abíọ́lá ní oyè GCFR, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ lórúkọ orílẹ̀-èdè yìí. Kò sọ pé òun dárí ji Abíọ́lá. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣé Abẹ́òkúta á gbà? Ṣé Èkó á gbà? Ohun tí àwa ò ní gbà, kí ló dé tí a fẹ́ kí àwọn Ògóni máa dúpẹ́ lé e lórí? Àbí torí pé wọn ò pọ̀ tó wa ni?

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àjọ UNEP gbé ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ Ògóni ní 2011, wọ́n rí i pé ní Nisisioken Ogale, májèlé benzene tó wà nínú omi kànga táwọn èèyàn ń mu fi ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Wọ́n ní àtúnṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Ọdún 2016 ni ìjọba tó ṣí iṣẹ́ náà. Àwa ará Alímọ̀ṣọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní Bàrúwà, lọ́nà Ìpájà, bẹntiróò tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ kànga onílé, omi ò ṣeé mu mọ́. Ẹni tó bá ń ra kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà lójoojúmọ́ mọ̀ pé oyè CON kò ṣeé fi se ẹ̀wà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tó tún mú mi fura ni pé ọdún 2025 kan náà ni ìjọba ń bá àwọn àgbààgbà Ògóni jíròrò lórí wíwa epo níbẹ̀ padà, èyí tí Shell ti fi sílẹ̀ láti 1993. Bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ bá ṣàdédé ń ki bàbá rẹ tó ti kú, wàá kọ́kọ́ di àpò rẹ mú ná.

Kí ìjọba gbé ẹjọ́ náà padà sí kóòtù. Bí wọ́n bá rí i pé ìdájọ́ 1995 kò tọ́, kí wọ́n fagi lé e, kí Ààrẹ sì tọrọ àforíjì bí Buhari ti ṣe fún ìdílé Abíọ́lá. Lẹ́yìn náà, àwọn opó àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni yóò sọ bóyá àwọn dárí ji ìjọba tàbí àwọn ò dárí jì í.